Okùn, Èèkàn àti Sáìnì

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ fi wọ ọ̀rọ̀ ìṣirò lónìí, nítorí kò sí ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu ará agbègbè wa yìí, ní Mowé, ní Ìbàfò, ní Ìfọ̀ àti ní gbogbo àyíká wọn, tó ilẹ̀. Bí Èkó ṣe ń kún, tó ń ṣàn gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn wọ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, tó sì ń gba ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ojú rélùwéè wọ Ìfọ̀, pulọ́ọ̀tì ni oníkálukú ń bèèrè. Pulọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní òòró. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnìkan rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rà. Ó mú tẹ́ẹ̀pù, ó wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀: 60, 120, 60, 120. Ó pé. Ó sanwó. Ṣùgbọ́n igun ilẹ̀ náà kò gún. Dípò 90 dígírì, 70 ni igun kan, 110 ni èyí tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilẹ̀ náà wọ́ sápá kan bí àpótí tí ẹrù ti tì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, inú rẹ̀ kò pé. Ọgọ́ta lọ́nà ọgọ́fà jẹ́ 7,200. Tí a bá wá fi sáìnì 70 dígírì, èyí tí í ṣe 0.9397, ṣe é lọ́nà, 6,766 ló kù. Ẹsẹ̀ bàtà 434 níbùú-lóòró ti wọlé lọ, ó tó yàrá méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 15. Ọmọ onílẹ̀ kò purọ́, tẹ́ẹ̀pù náà kò purọ́. Ẹni tó rà á ni kò bi ilẹ̀ ní ìbéèrè tó yẹ.

Ìṣirò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí kì í ṣe ti yunifásítì. Inú ìwé ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà ló wà, ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa sáìnì, kósáìnì àti tánjẹ́ǹtì. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti ra ilẹ̀, tó sì ti kọ́lé, ló jókòó ní kíláàsì náà lọ́jọ́ kan, tó da àpẹẹrẹ inú rẹ̀ kọ, tó sì gba máàkì níbẹ̀. Kí ló dé tí kò fi sí lọ́wọ́ wa nígbà tí a nílò rẹ̀? Àwọn kan á ní nítorí pé ìṣirò le ni. Àwọn mìíràn á ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ ìwé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí a ṣe ń fi ìṣirò dánra wò ní kíláàsì ló ń ṣe wá ní jàǹbá. À ń jẹ́ kí ọmọ ṣe ohun tí olùkọ́ ṣe, a kì í jẹ́ kí ó yan ohun tí yóò ṣe. Bẹ́ẹ̀, yíyan ni iṣẹ́ gan-an.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń lọ. Tíṣà wọlé, ó kọ àkòrí sójú pátákó, ó ṣe àpẹẹrẹ méjì tàbí mẹ́ta, ó wá ní kí wọ́n ṣe nọ́ńbà 1 dé 10. Gbogbo nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló jọ àpẹẹrẹ ojú pátákó bí ìbejì. Ọmọ kò nílò láti ronú pé irú ìṣirò wo nìyí. Àkòrí ti sọ fún un. Iye tó yí padà nìkan ni yóò pààrọ̀. Ó gba 9 nínú 10, inú òun dùn, inú tíṣà dùn. Ní 2007, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Doug Rohrer àti Kelli Taylor, fi irú nǹkan báyìí dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ìṣirò kan náà, iye kan náà, ni wọ́n fún gbogbo wọn, àfi pé apá kan ṣe é ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, irú kan tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, apá kejì sì ṣe é ní àdàlù. Nígbà ìdánrawò, àwọn ọlọ́wọ̀ọ́-ọ̀wọ́ gba 89 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn alàdàlù gba 60. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe ìdánwò: àwọn ọlọ́wọ̀ọ́-ọ̀wọ́ já sí 20, àwọn alàdàlù gba 63. Ẹ gbọ́ iye náà dáadáa, nítorí ó yẹ kó bà wá lẹ́rù. Ìdánrawò tó dùn jù, tó jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rò pé ẹ̀kọ́ ti wọlé, òun ló kọ́kọ́ fò lọ. Èyí tó ni wọ́n lára ló dúró.

Bí ẹ bá wá mú ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wò WAEC lórí ìṣirò, ohun tí wọ́n ń tún sọ lọ́dọọdún bá èyí mu: àwọn olùṣèdánwò kì í lè yí ọ̀rọ̀ padà sí ìdọ́gba, trigonọ́mẹ́tírì àti ìtọ́sọ́nà (bearing) máa ń ni wọ́n lára, bẹ́ẹ̀ sì ni kíka ìdáhùn jáde láti ara gíráàfù. Gbogbo ibi wọ̀nyí ni ọmọ ti ní láti dá pinnu. Ìwé ìdánwò kì í kọ ọ́ sórí ìbéèrè pé, “ìwọ tí o ń kà mí, òfin kósáìnì ni kí o lò.” Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ pé kí a mú eré àti iṣẹ́ ọwọ́ wọ kíláàsì ìṣirò, kì í ṣe nítorí kí ara àwọn ọmọ lè yá nìkan. Iṣẹ́ tó bá dára fún kíláàsì ní àmì méjì lára: ó ń fi agbára mú ọmọ láti yan ọ̀nà fúnra rẹ̀, ó sì ń fi hàn án bóyá ó yege tàbí kò yege, láìdúró de báírò pupa tíṣà. Èyí tí kò bá ní àmì méjèèjì, ariwo lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ilẹ̀, kí ẹ lè rí ohun tí mò ń wí. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè wa tí kò lè rí okùn, èèkàn mẹ́rin àti tẹ́ẹ̀pù kan. Kí tíṣà pín àwọn ọmọ SS2 sí ẹgbẹ́, kó kó wọn lọ sí pápá, kó sì sọ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n na ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 6 sí 12. Kó má sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gún èèkàn, wọn yóò na okùn, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì pé. Lẹ́yìn náà ni kó wá ní kí wọ́n wọn láti igun dé igun tó kọjú sí i, ní ìdábùú, lẹ́ẹ̀mejì. Bí ilẹ̀ bá gún, ìdábùú méjèèjì yóò dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sún mọ́ mítà 13.4, èyí tí Pythagoras fi ń wá a: 36 àti 144 jẹ́ 180, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 13.4. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ilẹ̀ wọn wọ́ yóò rí nǹkan mìíràn. Tí igun wọn bá jẹ́ 70 dígírì, ìdábùú kan yóò jẹ́ mítà 11.4, èkejì yóò jẹ́ 15.1. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò mọ igun náà. Ìdábùú nìkan ni wọ́n ní lọ́wọ́. Báwo ni wọn yóò ṣe mọ bí ilẹ̀ náà ṣe wọ́ tó? Òfin kósáìnì, tó dà bí ẹní sọ èdè àjèjì lójú pátákó, di irinṣẹ́ tí wọ́n ń wá kiri. Tí wọ́n bá ti rí igun, wọn yóò wá bèèrè iye ilẹ̀ tó sọnù: 72 lọ́nà sáìnì 70 jẹ́ 67.7, ó dín ní mítà 4.3 níbùú-lóòró. Kí tíṣà wá fi owó sí i. Kó ní, ká sọ pé iye báyìí ni wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì níbí, èló ni oníbàárà yìí fi ṣòfò? Mo fi dá yín lójú pé kò ní sí ọmọ tí yóò sùn.

Ẹ kíyè sí i pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń máàkì iṣẹ́ wọn. Bí ìdábùú kò bá dọ́gba, tíṣà kò nílò láti sọ pé ẹ ti kùnà. Àwọn bíríkìlà wa mọ èyí tipẹ́. Kí wọ́n tó gbẹ́ fáúndéṣọ̀n, wọn a fi okùn wọn 3 sí apá kan, 4 sí apá kejì, wọn a sì rí i dájú pé 5 ló so orí méjèèjì pọ̀, kí igun ilé tó gún. Kò burú rárá bí ilé ẹ̀kọ́ bá pe ọ̀kan nínú wọn wá fún ogún ìṣẹ́jú, kí àwọn ọmọ bi í pé ṣé 6, 8 àti 10 náà yóò ṣe é, ṣé 5, 12 àti 13 ńkọ́, kí wọ́n sì wá fi áljẹ́bírà wádìí ìdí rẹ̀. Bákan náà ni àwọn awọnlẹ̀. Ìwé àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń fún wa kún fún ìtọ́sọ́nà ní dígírì àti ìṣẹ́jú, láti òpó kọ́ńkéré kan dé èkejì. Ọmọ tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó fi máàsì sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tún ilẹ̀ náà yà, tó sì rí i pé ìlà ìkẹyìn padà wá pàdé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ti kọjá ẹni tó ń há òfin ìtọ́sọ́nà sórí.

Iṣẹ́ kejì kò ná nǹkan kan ju okùn òwú lọ. Protractor inú máàsì sẹ́ẹ̀tì ni a ó fi ìhò báírò tó ti gbẹ lẹ̀ mọ́ létí, a ó so òwú mọ́ àárín rẹ̀, a ó fi nọ́ọ̀tì irin kékeré kọ́ ọ kó lè wúwo. Ọmọ yóò fi ojú kan wo irin ìdáàbòbò òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú ìhò báírò náà, ẹnì kejì rẹ̀ yóò ka dígírì tí òwú bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ni yóò ka 65 tí wọn yóò sì kọ 65 sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òwú ń wọn igun tí ó kù kó pé 90. 25 ni igun ìgbójúsókè. Kí tíṣà má tètè sọ ọ́. Bí wọ́n bá dúró ní mítà 12 sí ilé náà, tí ojú wọn sì ga ní mítà kan ààbọ̀, 25 dígírì yóò fún wọn ní mítà 7.1, ṣùgbọ́n 65 yóò fún wọn ní ohun tó lé ní mítà 27, ilé tí kò sí ní gbogbo àdúgbò. Wọn yóò fúnra wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí tíṣà so tẹ́ẹ̀pù sílẹ̀ láti òkè. Ẹgbẹ́ tó ka 23 yóò rí i pé àwọn sọ 6.6, àwọn tó ka 27 yóò rí i pé àwọn sọ 7.6. Dígírì méjì péré ló fa ìdajì mítà. Ìjíròrò tó bá tẹ̀ lé èyí, nípa àṣìṣe kékeré tó ń di ńlá, ṣọ̀wọ́n nínú ìwé.

Áljẹ́bírà kò ní pápá tí a lè lọ nà bí trigonọ́mẹ́tírì, ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé kọ́ńdọ́ tó ń pe Ìbàfò àti Mowé. Ká ní èrò mẹ́rin sọ̀ ní Ìbàfò, mẹ́ta sọ̀ ní Mowé, owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦6,200. Ìrìn kejì, méjì sọ̀ ní Ìbàfò, márùn-ún ní Mowé, ó gba ₦6,600. Èló ni owó ọkọ̀ ibì kọ̀ọ̀kan? ₦800 àti ₦1,000 ni. Ìyẹn kò ṣòro, inú gbogbo ìwé ni irú rẹ̀ wà. Ibi tí ó ti ń dùn ni kí a yí iṣẹ́ náà padà: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi owó ọkọ̀ méjì pamọ́ sọ́kàn, kó ṣe ìbéèrè tirẹ̀, kó fún ẹni tó jókòó ní ẹ̀yìn rẹ̀. Láìpẹ́ ọmọ kan yóò kọ pé èrò mẹ́rin àti mẹ́ta san ₦6,200, èrò mẹ́jọ àti mẹ́fà san ₦12,400, yóò sì rò pé òun ti gbé ìbéèrè tó le jù kalẹ̀. Ó le lóòótọ́, nítorí kò ṣeé yanjú. Ìrìn kejì kò sọ ohun kan tí ti àkọ́kọ́ kò tíì sọ. Ẹni tó gbà á yóò lagun, yóò rí òdo dọ́gba pẹ̀lú òdo, yóò sì pariwo pé ìbéèrè yìí ti bàjẹ́. Kò sí àlàyé tíṣà tó lè jẹ́ kí ọmọ mọ ìdí tí ìdọ́gba méjì fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra wọn bí aáwọ̀ yẹn. Ẹni tó ń ṣe ìbéèrè ti rí egungun ìṣirò náà, ẹni tó ń dáhùn nìkan lè máa pààrọ̀ iye kiri.

Ọdẹ àṣìṣe ni mo tún fẹ́ràn. Tíṣà yóò kọ iṣẹ́ márùn-ún sójú pátákó, mẹ́ta ní àṣìṣe nínú, méjì kò ní, kò sì ní sọ èwo ni èwo. Ó lè kọ pé (x + 3)² jẹ́ x² + 9. Kí ọmọ fi 1 sí ipò x: apá kan di 16, èkejì di 10. Irọ́ ti tú. Ó lè mú x² = 5x, kó fi x pín apá méjèèjì, kó ní x jẹ́ 5, kó sì dákẹ́; òdo tí í ṣe ìdáhùn kejì ti sọnù, ta ni yóò rí i? Ó lè ní sáìnì 30 àti sáìnì 60 tí a bá rò wọ́n pọ̀, sáìnì 90 ni. Ẹ̀rọ ìṣirò yóò sọ 1.366, sáìnì 90 kò sì ju 1 lọ. Eré káàdì pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Páálí bisikíìtì tó ti ṣófo ni kí a gé, kí a kọ x² – 5x + 6 sí ọ̀kan, (x – 2)(x – 3) sí òmíràn, kí a ya gíráàfù tó gé ìlà ní 2 àti 3 sí ìkẹta, kí a wá da àwọn ayédèrú bíi (x + 2)(x + 3) àti (x – 1)(x – 6) mọ́ wọn. Bí a ṣe ń ta wọ́ọ̀tì ni kí wọ́n ta á, àfi pé ẹni tó bá já káàdì lélẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ó fi bá ti ilẹ̀ mu. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa retí ọpọ́n ayò. Ayò dára, ó ń kọ́ni ní ìrònú, ṣùgbọ́n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ṣe ń tú quadratic ká. Orin tí wọ́n fi ń há òfin sáìnì náà, ó ń jẹ́ kí ọmọ rántí òfin. Kò jẹ́ kí ó mọ ìgbà tí yóò lò ó.

Ó dájú pé àwọn tíṣà tó ń gbọ́ mi ti ń mi orí. Sílébọ́ọ̀sì gùn, WAEC kò dúró de ẹnikẹ́ni, níbo ni àkókò pápá àti káàdì wà? Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí iye àkókò tí à ń lò láti tún kọ́ ohun tí a ti kọ́. Ìdajì táàmù kejì SS3 ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ń ṣe àtúnkọ́ SS1 àti SS2. Tí a bá rántí 20 àti 63 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àkókò tí a rò pé a fi pamọ́ nígbà tí a sáré kọjá, a ó san án padà pẹ̀lú èlé. N kò sọ pé kí gbogbo pírẹ́ọ̀dù di eré. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún káàdì tàbí ọdẹ àṣìṣe, pápá sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ìdajì táàmù. Ní ti ìdánwò, Scott Freeman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ ní 2014 lórí kíkọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò: níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bíi 34 nínú ọgọ́rùn-ún ló fìdí rẹmi, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan bíi 22 ni. Yunifásítì ni wọ́n ti ṣe é o, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà n kò ní fi ṣe ẹ̀rí tí kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ran àgbàlagbà tó fúnra rẹ̀ yan ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́, mi ò rí ìdí tí kò fi ní ran ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi dandan mú jókòó.

Èrò tó pọ̀ jù nínú kíláàsì ńkọ́? Ìlànà ìjọba àpapọ̀ sọ pé 40 ni kí ọmọ wà lọ́wọ́ tíṣà kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama, gbogbo wa la sì mọ̀ pé bí Mowé àti Ìbàfò ṣe ń kún, kíláàsì ìjọba kì í dúró síbẹ̀. Bí àádọ́rin ọmọ bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà ni. Èyí ni àtakò tó wúwo jù lójú mi, kò sì yẹ kí a fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Ohun tí Peter Liljedahl, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kánádà, ń kọ́ àwọn olùkọ́ lè wúlò níbí: kí àwọn ọmọ wà ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí a fi kèké yan ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n dúró sídìí ògiri, kí ṣọ́ọ̀kì sì jẹ́ ẹyọ kan fún ẹni mẹ́ta. Ẹni tó di ṣọ́ọ̀kì mú kò ní kọ èrò ara rẹ̀. Ohun tí àwọn méjì yòókù bá sọ ni yóò kọ. Àádọ́rin ọmọ di ẹgbẹ́ mẹ́tàlélógún, tíṣà tó dúró láàárín kíláàsì sì lè rí ojú iṣẹ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí kò lè ṣe nígbà tí àádọ́rin ìwé bá dojú kọ tábìlì. Ọ̀dà dúdú lára ògiri ẹ̀yìn kíláàsì kò wọ́n ju àga mélòó kan lọ. Ìwádìí kan tó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Helen Verran, ará Ọsirélíà tó kọ́ àwọn tíṣà ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, kọ nínú ìwé rẹ̀ ti 2001 nípa ẹ̀kọ́ ìwọ̀n tí olùkọ́ Yorùbá kan fi okùn àti káàdì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 ṣe. Olùkọ́ náà kò tẹ̀ lé ìlànà tí Verran fún un pátápátá, ó tún un ṣe kó bá kíláàsì rẹ̀ mu, ẹ̀kọ́ náà sì wọ àwọn ọmọ lára. Okùn àti páálí ni o, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Bí wọ́n bá wà ní mẹ́ta-mẹ́ta, Yorùbá ni wọn yóò fi jiyàn, tí wọn yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdáhùn. Àwọn ọ̀gá kan kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Kí wọ́n rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970: àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, nínú ìṣirò àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ọmọ tó lè sọ ní èdè rẹ̀ ìdí tí ilẹ̀ fi wọ́, yóò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kọ.

Àwọn àgbà olùkọ́ ní àtakò mìíràn, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀: a ti rí irú èyí rí. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì jókòó ní Entebbe, ní Uganda, wọ́n kọ ìwé ìṣirò ìgbàlódé fún ilẹ̀ Áfíríkà. Grace Alele-Williams, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Ó wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn òbí kò mọ ohun tí ọmọ wọn ń kọ, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò rí ẹ̀kọ́ gbà lórí rẹ̀, nígbà tó di 1977 ìjọba àpapọ̀ fòpin sí i. Ṣé èyí tí mò ń sọ kò ní gba ọ̀nà kan náà lọ? Ìyàtọ̀ wà. Ìṣirò ìgbàlódé pààrọ̀ ohun tí à ń kọ́. Èmi kò fi kún sílébọ́ọ̀sì, n kò sì yọ kúrò; bí a ṣe ń fi ohun tó wà níbẹ̀ dánra wò ni mo ń sọ. Ẹ̀kọ́ kejì sì tún wà tí a gbọ́dọ̀ gbà. Kirschner, Sweller àti Clark kọ̀wé ní 2006 pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ di ẹni tí a jù sínú igbó láìsí afinimọ̀nà, pé kó wá òfin jáde fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí ọmọ tí yóò dúró ní pápá tí yóò fi okùn ṣẹ̀dá òfin kósáìnì. Tíṣà ni yóò kọ́ ọ, yóò ṣe àpẹẹrẹ, yóò sì jẹ́ kí wọ́n ṣe díẹ̀ tó jọ ọ́. Ìgbà tó bá yá láti dánra wò ni kí ó yọ àkòrí kúrò lójú pátákó.

Àtakò tó dé kẹ́yìn ni pé kí la tún ń yọ ara wa lẹ́nu fún? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kéde pé kírédíìtì nínú ìṣirò kò ní jẹ́ dandan mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún un nínú ìdánwò àṣejáde. N kò bá ìjọba jà lórí ìyẹn. Kírédíìtì dandan náà ti dí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ Yorùbá àti ìtàn lọ́nà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yunifásítì kọ́ ni wọ́n ṣe áljẹ́bírà fún. Nígbà tí al-Khwarizmi kọ ìwé rẹ̀ ní Baghdad, ní nǹkan bíi ọdún 820, ó sọ pé ohun tí àwọn ènìyàn nílò nínú ogún pípín, òwò, ẹjọ́ àti ilẹ̀ wíwọ̀n ni òun kọ ọ́ fún, ọ̀rọ̀ ogún sì kó apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ogún, òwò, ẹjọ́, ilẹ̀: ẹ sọ fún mi èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò sí ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ wa lọ́la. Ẹ jẹ́ ká ní lọ́yà ni ọmọ ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà kan fẹ́ dà. Ìwé ilẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé ka iwájú rẹ̀.

Ohun kan kù tí n kò gbọ́ kí wọ́n máa sọ, òun ló sì ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ tíṣà ju èrò kíláàsì lọ. Nígbà tí àwọn abẹ̀wò bá dé, ìwé nóòtì ni wọ́n ń kà: ojú ewé mélòó, iṣẹ́ mélòó, máàkì pupa mélòó. Tíṣà tó kó àwọn ọmọ lọ sí pápá kò ní ojú ewé tí yóò fi hàn, ẹni tó da ìwé kọ sójú pátákó ní ogún. Bí ìṣirò bá fẹ́ yí padà, ohun tí à ń kà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí padà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan lọ́sẹ̀ fún ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, kí ẹni tó yanjú rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ ọjọ́ síbẹ̀. Abẹ̀wò lè mú èyíkéyìí, kó pe ọmọ náà jáde, kó ní, “ṣe é ká wò ó.” Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò nílò láti dúró de lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìjọba ní Òkè-Mosàn kó tó bẹ̀rẹ̀ èyí. Ní ti pápá, bí tẹ́ẹ̀pù bá wọ́n, kó ránṣẹ́ yá ti bíríkìlà àdúgbò, kó sì fi iṣẹ́ náà sí Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, nítorí bó bá di Sátidé, àwọn bíríkìlà kì í fi tẹ́ẹ̀pù wọn yá ẹnikẹ́ni.